Ohun Tí Alágbàfọ̀ Kò Béèrè

Ọkùnrin alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-rún-un. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, tó ká a, tó nà án sí ẹni tó ni ín, kò ní í ṣàìsọ pé, "Jọ̀ọ́, má rún un." Bí ẹni náà bá gbé e há abíyá, á pè é padà, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun. Àwọn àjèjì tí kò gbọ́ ọ dáadáa a máa pè é ní Márùn-ún, wọ́n á sì béèrè ibi tí mẹ́rin ìṣáájú wà.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, nínú ìlú ńlá tí kì í sùn. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló pín iṣẹ́ àti oorun níyà, ilẹ̀kùn ọ̀hún kò sì pa dé rí. Nítorí náà, òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń sùn, òun ni wọ́n sì fi ń jí. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí àwọn bá wọ ilé ẹlòmíràn, ńṣe ni wọ́n máa ń rò pé aṣọ ló wọlé, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ènìyàn nínú rẹ̀.

Aṣọ náà ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, áyọ́ọ̀nù jó ọrùn ẹ̀wù oníbàárà kan, ó sì sáré gbé e lọ bá ọmọbìnrin aránṣọ kan lódìkejì títì. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀wù, ó wo òun náà, ó ní, "Ẹ̀wù yìí á là á já. Ìwọ ni mi ò mọ̀." Ó gé aṣọ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù, ó fi rán ọrùn mìíràn sí i, oníbàárà kò sì fura. Láti ọjọ́ náà ni Má-rún-un ti ń wá ohun tó ya tàbí ohun tó já lọ́tùn-ún lósì, kó lè rí ìdí tí yóò fi sọdá títì. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà kàwé, ó di tísà, làwọn òbí ọ̀hún náà bá di Bàbá Tísà àti Ìyá Tísà lẹ́nu ara wọn.

Iṣẹ́ àgbàfọ̀ dùn mọ́ ọn ju bí ó ṣe ń sọ lọ. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, aṣọ ló ń sọ fún un. Bí bọ́tìnnì àárín bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó mọ̀ pé ìyàwó ẹni yẹn ti ń se oúnjẹ dáadáa. Bí èjìká bá ń rùn wàrà, ọmọ tuntun ti dé ilé nìyẹn. Akọ̀wé kóòtù kan wà tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ gbọ́dọ̀ le gan-an kó tó lè jókòó níwájú adájọ́, sítáàṣì tiẹ̀ sì ní agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó fọn fèrè, wọ́n á ti tò sẹ́nu ọ̀nà: nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, oníkálukú nínú ìkánjú, Má-rún-un á sì máa pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ògiri kan ló wà láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin aránbàtà kan tí kò níyàwó, tí kò lọ́mọ, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni káàánú òun. Wọn kì í jẹun ọ̀sán lọ́tọ̀. Wọn kì í sì í gbà fún ara wọn lórí ohunkóhun. Bí ọ̀kan bá ní òjò máa rọ̀, èkejì á kó aṣọ rẹ̀ jáde síta.

Onílé wọn àtijọ́ jẹ́ ẹni tó lójú àánú. Bí owó ilé bá pẹ́, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ẹ ṣáà bá mi lọ aṣọ yìí." Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ rán aṣojú kan wá. Ọkùnrin náà bá gbogbo ayálégbé sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní owó ilé ti di ìlọ́po méjì. Kò pẹ́ sí i, wọ́n ti ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé pa, wọ́n gbé òmíràn wá tó ń ka omi bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Owó iná náà ń gun òkè. Nínú ohun tó ń wọlé fún tọkọtaya náà lóṣù, owó ilé gbé ìdajì, omi àti iná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìyókù. Má-rún-un wá ń fi omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ ṣan aṣọ nígbà kejì dípò omi tuntun, ọkàn rẹ̀ kì í sì í fara mọ́ ọn.

Ìgbà náà ni ọmọ wọn pè láti ìlú tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìlú tó jìnnà, tó kéré, tó sì dákẹ́.

"Bàbá, owó tí ẹ fi ń san yàrá kan yẹn, odindi ilé ló máa gbà fún yín níbí. Yàrá mẹ́ta. Ẹ̀yìnkùlé wà, kànga náà wà nínú ọgbà."

"Kànga?"

"Omi rẹ̀ kì í gbẹ. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó lórí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kànga yìí mú kí Má-rún-un jókòó. Ẹni tó ti ń ra omi bí ẹni ń ra epo, bí o bá sọ fún un pé omi ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ níbì kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọ̀run ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ìyàwó rẹ̀ tú agolo bọ́tìnnì rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó ní àwọn bọ́tìnnì dúdú ni ìlú tí àwọn wà, funfun ni ìlú tí àwọn ń lọ.

"Owó ilé," ló wí.

Má-rún-un to dúdú lọ títí, ó wá to funfun díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Omi."

Dúdú tún pọ̀. Ní ti funfun, kò fi nǹkan kan síbẹ̀.

"Ọkọ̀ wíwọ̀."

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń dé ibi gbogbo níbẹ̀."

"Búrẹ́dì ńkọ́? Ìrẹsì? Ọṣẹ? Èédú, tí iná bá lọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Bàbá Tísà, a kì í fi etí ra ọjà. Ẹ lọ wò ó."

Ó lọ. Ó sùn nílé ọmọ rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, á wọ bàtà, á máa rìn kiri ìlú, á máa béèrè iye tí nǹkan jẹ́. Ó béèrè iye búrẹ́dì, ó béèrè iye ìrẹsì, ó béèrè iye tí dókítà ń gbà, ó tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n fi ń gé irun, bẹ́ẹ̀ irun tó wà lórí rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà fún ìgbà kẹta, obìnrin náà fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Bàbá, ọjà yìí, ṣé ẹ wá rà á ni, àbí ẹ wá kí i?" Ojú tì í, ó ra àlùbọ́sà kan. Àní ìyẹn gan-an pọ́ọ́kú ni.

Ohun tó tún mú inú rẹ̀ dùn jù ni okùn ìsáṣọ. Kò sí ilé tí kò ní okùn lẹ́yìn, kò sì sí okùn tí aṣọ kò kún. Aṣọ funfun, aṣọ iléèwé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó padà pé, "Ìyá Tísà, àwọn ará ibẹ̀ mọ aṣọ í wọ̀."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, àwọn oníbàárà wá kí wọn. Nọ́ọ̀sì sunkún. Akọ̀wé kóòtù dúró gbọnrangandan, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ ẹni tí yóò mọ ọrùn ẹ̀wù òun mọ́. Aránbàtà kò jáde. Wọ́n ń gbọ́ òòlù rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kan bàtà kan lákànìdákẹ́. Má-rún-un yọjú wọlé, ó sì rí i pé bàtà náà kò ní ohun kankan tó ń ṣe é.

"Mò ń lọ o."

"Mo gbọ́," ni Aránbàtà wí, kò gbé orí sókè. "Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú yín sọ́nà."

Ìlú kékeré náà kò parọ́ fún wọn. Ilé náà fẹ̀ débi pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tọkọtaya náà ń wá ara wọn. Ìyàwó á pè láti yàrá kan, ọkọ á dáhùn láti òmíràn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé nínú yàrá wọn àtijọ́, kò sí ìgbà tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ. Omi kànga tutù, ó mọ́, ọṣẹ sì ń hó nínú rẹ̀ bí ìfòfò òkun. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbẹ aṣọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Má-rún-un na okùn mẹ́rin, ó gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kan pátákó iṣẹ́ mọ́ ara ògiri, ó jókòó.

Ó jókòó lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó títí oṣù fi parí. Ẹni kan gbé kóòtù kan wá tí ó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Ọmọdé méjì wá béèrè bóyá lóòótọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Márùn-ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kí i.

Màmá àgbà kan tó ń gbé ní ilé kejì gbé ẹyin wá fi kí wọn káàbọ̀. Má-rún-un dúpẹ́, ó wá fi ọgbọ́n yọ ọ́ sọ.

"Màmá, ṣé ẹ ò láṣọ tí ẹ fẹ́ kí n bá yín fọ̀?"

Màmá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ọwọ́ mọ́ orúnkún. "Ọkọ mi, ta ló máa gbé aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn fọ̀ níbí? Omi ń bẹ. Ọṣẹ ò wọ́n. Ọjọ́ gùn. Àfi ẹni tó bá ń ṣàìsàn, ẹni tó bá sì ń ṣàìsàn, ọmọ rẹ̀ á fọ̀ ọ́."

Má-rún-un wo ẹ̀yìn ilé Màmá. Okùn kún fún aṣọ, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wá yé e nígbà náà pé gbogbo okùn tó rí, tí inú rẹ̀ ń dùn sí, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán ni. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Tísà, mo béèrè iye gbogbo ohun tí mo máa rà nílùú yìí. Mi ò béèrè ẹni tó máa ra tèmi."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ìyàwó rẹ̀ láti inú wá, títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Gbogbo bọ́tìnnì yẹn," ló wí, "a ò rántí yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Èmi ni mo lagolo."

Àsìkò náà le fún un. Ebi kọ́ ló ń pa wọ́n, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti rí aṣọ iléèwé rán láti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn, owó kékeré sì tó jẹun níbẹ̀. Àìríṣẹ́ ṣe ló ń pa á. Á fọ aṣọ tiwọn, á lọ̀ ọ́, á tún un fọ̀ nígbà tí wọn kò tíì wọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fọ aṣọ mi di àwọ̀n tí wọ́n fi ń pẹja." Ní òwúrọ̀, á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á máa tẹ́tí sí fèrè ọkọ̀ ojú irin nínú ìlú tí kò ní ojú irin. Àárò ohun tó ń bú tẹ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ báyìí: ariwo títì, òógùn ṣọ́ọ̀bù, ìkánjú àwọn ènìyàn tí kì í dúró gba ṣẹ́ńjì. Ó rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń mu tíì ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, tó máa ń sọ ẹni tó bímọ lálẹ́ àná, akọ tàbí abo, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn á sì jùmọ̀ yọ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Àna rẹ̀ ló bá a rí iṣẹ́ níkẹyìn, ní ilé ìtura kan lẹ́bàá ibùdókọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó fún un, òkìtì òkìtì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú náà, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Má-rún-un fọ̀ wọ́n, wọ́n funfun bí òwú. Síbẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí kò lẹ́nu. "Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ni. Ẹni tó sùn lórí ẹ̀ lónìí ti lọ lọ́la. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé kó má rún un, nítorí kí wọ́n lè rún un ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ."

Ọdún yí po. Ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù. Ó ní ẹsẹ̀ Aránbàtà ti wú, pé kò gbà kí wọ́n gbé òun lọ síbì kankan. Kí Má-rún-un tó wọ ọkọ̀, ó kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ Màmá àgbà.

"Màmá, bí bàtà yín bá já, níbo lẹ ti ń rán an?"

"Níbo ló wà? À ń dúró de ọkùnrin kan tó máa ń gba ibí kọjá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òkúta ọ̀nà wa yìí ń jẹ bàtà bí ẹni jẹ ẹ̀pà."

Ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tó dé títì àtijọ́, ó kọ́kọ́ rò pé òun sọ̀ níbi tí kò yẹ. Wọ́n ti kun ilé alájà mẹ́ta náà ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ fún fóònù ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ rà, Má-rún-un ní kò sí, pé òun kàn ń wo òkè àjà ni. Ìkọ́ tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ṣì wà lókè, ẹnikẹ́ni kò yọ wọ́n.

"Ẹ̀yin ni alágbàfọ̀ yẹn?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Àwọn ènìyàn ṣì máa ń wá béèrè yín. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ ti kó lọ."

"Kí ni wọ́n máa ń wí?"

"Wọ́n máa ń wo inú ṣọ́ọ̀bù yí ká, wọ́n á sì lọ."

Níta, ó fojú kan akọ̀wé kóòtù. Ọ̀gbẹ́ni náà rí i, ó yọ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Lójijì, ó rántí, ó sáré fi ọwọ́ kejì bo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó ti rọ, tó ká bí etí ajá. Má-rún-un ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Wọ́n béèrè àlàáfíà ilé ara wọn, wọ́n sì pínyà.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni Aránbàtà wà, lórí ẹní kan láàárín awọ àti bàtà. Owó ilé ti lé e kúrò nínú yàrá rẹ̀, ibi iṣẹ́ ló ń sùn.

"Wọ́n ní nǹkan pọ́ọ́kú lọ́hùn-ún," ni Aránbàtà wí, kó má bàa di pé wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"O sì rù báyìí?"

"Àárò ni mo jẹ, kì í ṣe ìrẹsì." Má-rún-un jókòó sórí àpótí. "Yàrá mẹ́ta ni mo ní. Ọ̀kan ń ṣòfò."

"Mi ò lè lọ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn."

"Ta ló pè ọ́ ní ẹrù? Kò sí aránbàtà nílùú yẹn. Mo ti béèrè kí n tó wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè."

Aránbàtà na ọwọ́ mú òòlù rẹ̀. "Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Má-rún-un pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ sá sókè sá sódò. Ìyá Tísà dá a lẹ́nu dúró. "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí ni? Láti àná ni mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sọ fún un kó má gbàgbé òòlù rẹ̀."

Dókítà ìlú kékeré náà ṣe ìtọ́jú ẹsẹ̀ ọ̀hún, wíwú rẹ̀ sì rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ìtiro díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bàtà tó ti já láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo ilé. Ẹni tó bá gbé bàtà wá á jókòó dúró dè é, bó bá sì ti jókòó, Má-rún-un á wo kọ́là rẹ̀, á ní kó bọ́ ọ, pé kí òun kàn fi áyọ́ọ̀nù kàn án díẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń mú ẹ̀wù tí wọ́n máa fi ṣòde wá pẹ̀lú bàtà. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin méjèèjì á jókòó síwájú ilé, ọ̀kan á máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, èkejì á máa kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, wọ́n á sì máa sọ ìlú ńlá. Ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ ojú irin ló ń gbé lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta náà, èkejì ní rárá, opó kan ni. Ọ̀kan ní omi kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, èkejì ní ṣé orí rẹ̀ pé.

"Ìlú tí ẹ̀ ń sọ yìí," ni Ìyá Tísà wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "èmi náà gbé ibẹ̀ rí. Kò dùn tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí."

"Kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni Má-rún-un wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí àárọ̀ tí òjò rọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin kò lè gbéra, tí gbogbo wọn há sínú ṣọ́ọ̀bù wa?"

Ìyá Tísà dá ẹ̀rọ dúró. "Kì í ṣe àárọ̀," ló wí, "ìrọ̀lẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sá wọlé." Ó gbé àga rẹ̀ jáde, ó jókòó tì wọ́n.